Ẹyin Ogúnjọ́

Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n Àgbébọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tí adìẹ ń fi ìyẹ́ ṣe ni òun ń fi ẹ̀rọ ṣe: ó ń pamọ. Ó ti ń yí ẹyin fún ọdún mẹ́tàdínlógún nínú yàrá kan tó gbóná bí ara ọmọ tí ibà mú. Á gbé ẹyin síwájú gílóòbù, á ní, "Eléyìí wà láàyè. Eléyìí ti lọ." Kì í ṣì í.

Ọ̀rọ̀ epo ló ṣì.

Ẹgbẹ̀rin ẹyin tó wà nínú ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ náà, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Opó ni. Oúnjẹ adìẹ tó wọ́n gógó ti mú kó ta gbogbo adìẹ rẹ̀. Ẹyin wọ̀nyí ló kù tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Tiransifọ́mà àdúgbò jó lọ́jọ́ karùn-ún tí ẹyin wọ ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé wọn ró.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ ra dísẹ́ẹ̀lì.

"Ìwọ kì í gbọ́ ìròyìn," ni Àgbébọ̀ wí. "Àwọn orílẹ̀-èdè elépo ń ṣèpàdé lọ́jọ́rú. Rédíò ní wọ́n máa tú epo sílẹ̀. Owó rẹ̀ á já wálẹ̀."

"Bàbá wọn, ẹ̀yin àti àwọn mínísítà yẹn, ẹ jọ jẹun rí ni?"

Wọ́n ṣèpàdé lóòótọ́. Wọn kò tú nǹkan kan sílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n dín epo kù, torí orílẹ̀-èdè ńlá kan tí wọ́n jọ ń jà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára. Kí ọjà lè wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ni agbẹnusọ wọn wí. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ta ni? Kò sẹ́ni tó bi í. Wọ́n ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ní tàwọn wọ̀nyí, ara rọ okùn dáadáa.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn ilé epo ti tilẹ̀kùn mọ́ ọjà wọn, wọ́n ń retí owó tó ju tàná lọ. Àgbébọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì dé ilé epo mẹ́rin. Ní ìkẹrin, ẹni tó ń ta epo yọrí lójú géètì.

"Bàbá Àgbébọ̀, ẹ lọ sàba lé ẹyin yín fúnra yín!"

Àwọn tó tò rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lọ́sàn-án, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Ogúnjọ́ ẹyin nìyẹn. Ó ku ọjọ́ kan kí àwọn ọmọ jáde. Òun àti ìyàwó rẹ̀ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rọ, wọ́n to ike omi gbígbóná yí ẹyin ká. Wọ́n ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ náà nínú èèpo. Lọ́jọ́ Ẹtì, igbe náà fọ́nká. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn páálí tó ti lu ihò sí lára.

"Àbúrò mi, ṣé wọ́n ti ń jáde?"

Àgbébọ̀ mú ẹyin kan, ó gbé e síwájú gílóòbù bó ṣe máa ń ṣe. Kò sí iná nínú gílóòbù.

"Eléyìí ti lọ," ló wí. Ó mú òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dúró gbọ́. Ó ti ń ká àwọn páálí rẹ̀ pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.