Ọmọ Tí Kì Í Wo Káàdì

Ohun tí ó kọ́kọ́ mú mi fura ni pé ọmọ náà ń yára jù.

Ilé-ìwé aládàáni kékeré kan ní Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Pírámárì Kẹta ní àwọn àmì tí a fi ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo gé páálí sí káàdì, mo fi máákà dúdú ya àmì kan ṣoṣo sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan: kọ́mà, fúúsitọ́ọ̀pù, àmì ìbéèrè àti àwọn yòókù. Bí mo bá gbé káàdì sókè, ẹni tí mo bá nawọ́ sí á dìde, á sì sọ orúkọ àmì náà. Àwọn yòókù máa ń họrí. Ọmọbìnrin yìí kì í họrí. Káàdì kì í tíì dúró lọ́wọ́ mi tí yóò fi dáhùn, kì í sì í ṣì í.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí ó bá ń ka ìwé, ṣe ni ó ń sáré kọjá gbogbo àmì bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹni tí ó mọ orúkọ àmì tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kì í dúró níbi tí àmì bá wà?

Ìlú Oǹdó ni wọ́n ti mú un wá sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ kíláàsì sì ti sọ ọ́ ní Màmá Àgbà. Ìyá tí ó ni ilé-ìwé, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ti sọ lójú rẹ̀ pé tí kò bá bá ẹgbẹ́ mu láìpẹ́, Pírámárì Kejì ni òun máa dá a padà sí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò ga dé èjìká rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti fi nǹkan sàmì sẹ́yìn àwọn káàdì. Mo gé tuntun, mo tún bi í. Ó gbà á. Mo rò pé ẹnìkan ń sọ ọ́ sí i létí. Mo mú un wá síwájú, òun nìkan. Ó gbà á. Mo fi aṣọ bo fèrèsé, bóyá òjìji káàdì ni ó ń rí nínú gíláàsì lẹ́yìn mi. Ó ṣì gbà á.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ikọ́ mú mi, mo sì wọ ìbòmú lọ sí kíláàsì. Lọ́jọ́ náà, kò gba ẹyọ kan. Ó dìde, ó tẹjú mọ́ ìbòmú mi, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.

Mo délé, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ya fídíò ara mi bí mo ti ń gbé káàdì sókè. Òótọ́ ni ohun tí mo fura sí: ètè mi ń pe orúkọ àmì náà láìsí ohùn. Tí ó bá jẹ́ fúúsitọ́ọ̀pù, ètè mi ti máa sún síwájú kí n tó gbé e sókè tán. Tí ó bá jẹ́ kọ́mà, ẹnu mi á là, á sì pa dé.

Mo bi í ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pé, "Kí lò ń wò tí mo bá gbé káàdì sókè?"

"Ojú yín, Ọ́ńkù."

Ó ní àwọn pọ̀ ní kíláàsì àwọn ní Oǹdó, ẹ̀yìn pátápátá ni òun ń jókòó sí, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá sì gbẹ̀yìn nígbà tí gbogbo wọn bá ń dáhùn, ẹgba ni; bí òun ṣe kọ́ láti máa wo ẹnu olùkọ́ nìyẹn. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà gbọ́, nítorí Oǹdó ni èmi náà ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdajì tó kù, mo fi sílẹ̀ ná.

Mo lọ bá Mọ́mì. Mo ní ọmọ náà kò tíì mọ àwọn àmì, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ó wò mí láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọ́ńkù, ará Oǹdó ni ẹ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin ará Oǹdó! O ní kò mọ̀ ọ́n, o tún ní kí n fi í sílẹ̀. Èwo ni ká gbà? Kó káàdì yẹn wá."

Ó pe ọmọ náà wọ ọ́fíìsì. Ó gbé káàdì àkọ́kọ́ sókè, mo sì rí i pé ti Mọ́mì burú ju tèmi lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ orúkọ àmì náà tán láìjẹ́ pé ohùn jáde, pẹ̀lú ètè tó pọ́n fòò. Ọmọ náà gba gbogbo rẹ̀.

"Ọmọ yìí mọ̀wé!" Mọ́mì yíjú sí mi. "Kí ló dé tí o wá ń parọ́ mọ́ ọn? Ṣé ẹnìkan ní ilé wọn ló ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Báwo ni èmi ọmọ àná ṣe máa sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́? Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Bí ọmọ náà ṣe dúró sí Pírámárì Kẹta nìyẹn. Nígbà tí a ń jáde, ọmọ náà wò mí fìrí. Ó mọ̀ pé mo mọ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ ṣeré, mo kó káàdì fún un. Mo ní kí ó máa gbé e sókè sí mi, èmi ni n ó máa dáhùn, kí ó sọ bóyá mo gbà á.

Ó gbé àkọ́kọ́. "Kọ́mà," ni mo wí, kọ́mà sì ni.

"Ẹ gbà á." Ẹnu mi ni ó ń wò.

Ó gbé òmíràn. Àmì ìbéèrè ni. "Fúúsitọ́ọ̀pù," ni mo wí, mo sì mú ojú mi le bí ògiri.

Ó wo ẹnu mi. Ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó rọra yí káàdì náà padà sí ara rẹ̀, ó sì wò ó.

"Irọ́ lẹ pa, Ọ́ńkù!" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu kíá.

"Kí wá ni?"

Ó tún wo káàdì náà. "Àmì ìbéèrè."

"Mú òmíràn."

Ó mú un. Kí ó tó nà án sí mi, ó kọ́kọ́ wò ó fúnra rẹ̀.