Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Òkú Lójú Ọ̀nà Ògòtún

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń kó ẹ̀rí jọ níbi tí wọ́n bá ti pa èèyàn tàbí tí wọ́n ti fọ́lé, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi ni pé kí n kú.

Olùkọ́ kan ló wá láti Àbújá láti kọ́ wa. Ó kó wa lọ sí kíláàsì kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, lẹ́yìn ìlú Ìkẹ́rẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ògòtún. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé; ẹni tó bá wà ní títì ń rí inú ilé kedere. Ikọ̀ tó ń gbógun ti ajínigbé náà wà níbẹ̀. Nítorí akoto irin tí wọ́n máa ń dé, alákoto la máa ń pè wọ́n. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ já wọlé, àwa yóò wá tẹ̀lé wọn láti ya fọ́tò, ká sì kó ẹ̀rí. Òkú nìkan ló kù.

Olùkọ́ ní kí ẹnì kan dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira. Sájẹ́ǹtì tó ga jù nínú àwọn alákoto, ẹni tí wọ́n ní ó ti bá ajínigbé wọ̀yá ìjà nínú igbó, sọ pé ìyàwó òun lóyún, irú eré bẹ́ẹ̀ kò yẹ òun. Èkejì ní lẹ́mọ́mù àwọn kò ní fara mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta kàn lọ tọ̀, kò sì tètè dé. Èmi ni mo dé gbẹ̀yìn sí ẹ̀ka náà, èmi nìkan sì ni obìnrin. Mo dùbúlẹ̀.

Wọ́n po sóbò mọ́ tòmátò alágolo, wọ́n dà á sí mi lórí. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí mi ká, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú. Fóònù mi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí àkọ́kọ́: wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n fi í sínú ọ̀rá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Èèrà gbọ́ òórùn ṣúgà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọrùn mi.

Olùkọ́ ní, “Òkú kì í họra.”

Mi ò họra.

Bí a ti wà níbẹ̀ ni mọ́tò èrò kan tó ń lọ sí Ògòtún dúró kí awakọ̀ lè bu omi sí ẹ́ńjìnnì. Ìyá kan tí òun àti yèyé mi, tó jẹ́ tíṣà ní Ògòtún, jọ wà lẹ́gbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sílẹ̀ láti na ẹsẹ̀. Ó bojú wo kíláàsì wa.

“Yéè! Ọmọ tíṣà rèé! Wọ́n ti pa á o!”

Awakọ̀ tó gbọ́ pé wọ́n pa èèyàn kò bu omi náà mọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sáré dé títì, wọ́n ti lọ.

Kò pẹ́ tí fóònù mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ọ̀rá. “Yèyé mi” ló hàn lójú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n gbé e.”

“Ẹ̀rí ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u.”

“Ìyá mi ni, sà.”

“Òkú tún wá ń sọ̀rọ̀.”

Mo dìde, mo fa ọ̀rá náà ya. Mo pè é padà, kò gbé e mọ́.

Ọkọ̀ àwọn alákoto nìkan ló wà nítòsí, òun ni wọ́n fi gbé mi lọ sílé. Ní gbogbo ọ̀nà, mi ò rántí pé mo lè nu orí mi. Bí a ti wọ àdúgbò wa ní Ògòtún, tí àwọn èèyàn rí ìbọn àti akoto, àwọn tí kò tíì gba ìròyìn náà gbọ́ bú sẹ́kún. Wọn ò dúró wo ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Yèyé mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò mí pẹ́, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó fi ìka náà sẹ́nu.

“Sóbò rèé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù.”

Ìgbà náà ni omi wá bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó yíjú sí sájẹ́ǹtì. “Ìwọ ọkùnrin gàgàrà yìí, kí ló dé tí ìwọ ò fi dùbúlẹ̀?”

“Ìyàwó mi lóyún, mà.”

“Èmi náà lóyún rí. Òun nìyí.”

Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ebi lé wọn lọ. “Ẹ wọ ulé. Uṣu wà lórí iná.” Àwọn alákoto ló gún iyán náà. Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń jẹun, yèyé mi di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí iṣan ti ń lù. Ọwọ́ òsì ni mo fi jẹun. Mi ò gba ọwọ́ mi padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó mú mi lọ dúpẹ́. Pásítọ̀ bi í bóyá mo ṣàìsàn. Ó ní rárá. Jàǹbá mọ́tò ńkọ́? Rárá.

“Kí la wá fẹ́ dúpẹ́ fún, Màmá?”

“Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, ó sì jáde kúrò níbẹ̀.”

Pásítọ̀ ní kí ìjọ dìde.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, olùkọ́ ti lọ yá ère kan lọ́wọ́ télọ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń wọ aṣọ fún níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò lórí. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí wọ́n pa nínú ẹ̀kọ́ wa láti ìgbà náà, ńṣe ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí.