Mi Ò Tíì Sọ Pé Ẹ Ṣé

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé a ò rí ìparí àdúgbò wa ní Ṣógúnlé. Eruku bo páànù gbogbo ilé, ètè mi sì là títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ṣì kéré nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi òrí pa mí lẹ́nu kí n lè rẹ́rìn-ín dáadáa, torí ọ̀dọ̀ ìyá télọ̀ kan ló ń mú mi lọ, níbi tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé.

"Tó bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí o ní ẹ ṣé. Má sọ nǹkan míì."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Nígbà yẹn, tí wọ́n bá mú ọmọbìnrin lọ síbi iṣẹ́, ẹ ṣé yẹn ló ń parí ọ̀rọ̀. Tó bá ti jáde lẹ́nu ẹ, o ti gba gbogbo ohun tí ọ̀gá sọ, àti èyí tí kò sọ pàápàá. Mo sì nílò iṣẹ́ náà o. Ìyá mi ti búra pé bí mi ò bá ríṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Ìkirun lòun máa dá mi padà sí.

Ìyá télọ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń gé aṣọ. Ó ní màá máa fi áyọ̀ọ̀nù lọ aṣọ, màá máa gán bọ́tìnì. Ó ní ó di ẹ̀yìn ọdún méjì kí n tó lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, tí mo bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n máa bọ̀. Owó oṣù ńkọ́? Ohun tóun bá rí lòun máa fún mi.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń retí. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń fi ẹ̀rọ aláfọwọ́yí ìyá mi ránṣọ.

"Mo ti gbọ́, mà," ni mo wí. "Mo mọ aṣọ rán. Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó, màá dá yín lóhùn lọ́la."

Gbogbo ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi já mi léèékánná lẹ́yìn.

"Kí o lọ ro kí ni?" Ìyá télọ̀ wá gbójú sókè wàyí. "Ọmọ mẹ́ta míì ń bọ̀ wá béèrè iṣẹ́ yìí o!"

"Kò burú, mà. Tí wọ́n bá ṣáájú mi dé, ẹ fún wọn."

Èébú ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo jẹ délé. "O ti bà mí lórúkọ jẹ́ ní gbogbo Ṣógúnlé! Wọ́n á fún ẹlòmíì! Lọ di ẹrù ẹ, Ìkirun lo ti dé yẹn."

Lónìí, orí fóònù niṣẹ́ ń gbà wọlé. Ọmọ ọmọ mi tá a jọ ń gbé ní Jákáńdè, lẹ́tà iṣẹ́ ò tíì pé ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ ẹ tó ti ń tẹ "ẹ ṣé gan-an, sà." Mo gba fóònù náà. Mo ní, "Ṣé o ti kà á délẹ̀?" Ó ní, "Màmá, wọ́n á fún ẹlòmíì." Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi gan-an! Ayé ti yí padà, ìbẹ̀rù yẹn ò yí padà. Ẹni tó pè ọ́ ti rí ohun tó wù ú lára ẹ. Béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́, ọjọ́ tí wàá sinmi, iye tó máa jẹ́ gan-an. Fọ̀wọ̀ béèrè, ṣùgbọ́n béèrè. Wọ́n lè kọ̀ o, mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo mú yunifọ́ọ̀mù àbúrò mi tí mo fọwọ́ ara mi rán, mo padà lọ. Mo yí inú ẹ̀ síta, mo tẹ́ ẹ síwájú ìyá télọ̀. Ó fi èékánná tọ ojú rírán náà, ó fà á títí, kò já.

"Jókòó sídìí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn."

"Iye owó oṣù ńkọ́, mà?"

Ó pòṣé, ó dárúkọ iye kan.

"Ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́, mà?"

"Ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà ni? Ó dáa, máa sinmi!"

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ pé ẹ ṣé.