Ta Ló Ń Dojú Dígí Bolẹ̀?

Nílé iṣẹ́ tó ń pín omi ẹ̀rọ, Ẹlẹ́rìn-ín ló ń gbé fóònù nígbà tí omi kò bá yọ, èébú sì ni wọ́n fi ń kí i káàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló gbé omi pamọ́! Lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó dá èébú padà fún oníbàárà. Ọ̀gá gbọ́. Ó ní bó bá tún dán an wò, kó máa lọ sílé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ra dígí kékeré kan fún un. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e síwájú yín. Bí inú bá fẹ́ bí yín, ẹ wojú ara yín, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò lè bú èèyàn."

Ó dà bí eré, àmọ́ ó ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ń pariwo sí i létí, á yọ eyín sí dígí, ohùn rẹ̀ á sì rọ̀. Bó ṣe di Ẹlẹ́rìn-ín nìyẹn.

Àfi bó ṣe lọ mumi lọ́jọ́ kan tó padà bá dígí tó dojú bolẹ̀. Ó gbé e dìde. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ta ni kò fẹ́ kí òun rẹ́rìn-ín? Ta ló ń wá àyè iṣẹ́ òun fún ìbátan rẹ̀? Kò wá a jìnnà, nítorí kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bọ̀dá tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ni! Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti ti ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ dé ni kì í ti í wojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í yẹjú.

Ó díbọ́n pé òun ń lọ mumi, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lóòótọ́, Bọ̀dá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì dojú dígí bolẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọwọ́ mi tẹ̀ yín! Kí ni mo fi ṣe yín, Bọ̀dá, tí ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi?"

Bọ̀dá kò jiyàn. Ó padà sáyè rẹ̀. "Àbúrò mi, jókòó. Gbé e dìde, kó o wò ó dáadáa."

Ó gbé e dìde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú dígí, ó rí ojú Bọ̀dá, ó pọ́n, ó kún fún omijé. Láti ọjọ́ yìí wá, eyín ara rẹ̀ nìkan ló ń wò.

"Mo rò pé ò ń rí mi ni," Bọ̀dá wí. "Bí ẹkún bá ti gbé mi báyìí, tí mo gbójú sókè, wàá máa yọ eyín sí mi."

Ojú ti Ẹlẹ́rìn-ín. Fóònù rẹ̀ dún. Ó ti dígí bọ inú báàgì kó tó gbé fóònù náà. Oníbàárà bú u láti orí ìyá dé orí bàbá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń wo Bọ̀dá lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló ń wí. "N kò mọ̀ ni."