Marzanna Tí Mo Gbé Lọ sí Odò

Mo rántí òórùn koríko gbígbẹ nínú ilé màmá àgbà ará Poland tí ilé wọn dojú kọ tiwa ní Grand Prairie, nílùú òyìnbó níhìn-ín. Òtútù ọdún náà burú. Bàbá mi kú ní Ọ̀yọ́, n kò sì lè lọ sin wọ́n nítorí ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Orin nìkan ló gbé mi ró. Bí n kò bá sí láàárín àwọn akọrin ìjọ wa, ẹkún ni.

Bí òtútù ṣe ń lọ, màmá àgbà fi koríko di ọmọlangidi kan. Wọ́n ní Marzanna ni, òun ni òtútù, òun ni àìsàn, òun ni ikú. Kí ìgbàgbọ́ tó dé ilẹ̀ wọn làwọn àgbẹ̀ ti ń dáná sun ún, tí wọ́n ń jù ú sódò kí irúgbìn lè hù. Nígbà tí àwọn àlùfáà ní kí wọ́n jáwọ́, àwọn àgbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Orúnkún màmá kò gbé wọn dáadáa mọ́, wọ́n bẹ̀ mí kí n bá wọn gbé e lọ sódò. Aṣọ tí mo fi ṣọ̀fọ̀ bàbá mi ni mo wọ̀ fún un.

Mo fi tayọ̀tayọ̀ ròyìn rẹ̀ fáwọn akọrin. Òmùgọ̀ ni mí nígbà yẹn! Kò pẹ́ tí Ìyá Ìjọ fi pè mí.

“Nurse gidi bíi tìẹ, o fẹ́ máa bọ òrìṣà òyìnbó? Tó o bá gbé e jáde, come and drop your choir robe.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, mo mọ̀ pé koríko ni. Mo pera mi ní akọni, mo gbé e sínú mọ́tò, èmi àti màmá sì forí lé odò.

Létí odò, màmá àgbà dáná sí i, mo jù ú sómi. Wọ́n ní, “Now go home. Don’t look back.” Wọ́n ní ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, àìsàn á bá a délé. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Ìyá Ìjọ lẹ́yìn mi, wọ́n ti tẹ̀ lé wa wá: “Ìwọ! Yíjú síbí, mo ń bá ọ sọ̀rọ̀!”

Nílé wa, ọmọ tí a tọ́ kì í kẹ́yìn sí àgbà tó ń pè é. Mo kẹ́yìn sí wọn, mo ń lọ.

Wọ́n gba aṣọ akọrin náà lóòótọ́. Màmá àgbà ti sun oorun àìjí, èmi ni mo ń di koríko lọ́dọọdún báyìí. Ọmọ mi á ní, “Mommy, it’s just straw.” Màá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, gbé e.” Bí a bá ti jù ú sómi tán, màá kọ orin tí ǹ bá kọ níbi ìsìnkú bàbá mi, gbogbo etí odò á gbọ́. Aṣọ ni wọ́n gbà, wọn ò rí ohùn gbà.