Omi Tó Kó Ilá Ìyá Mi Lọ Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Òórùn ẹrẹ̀ odò ẹ̀yìn apartment wa ní Brays Oaks, ní Houston níbí, ló kó bá mi lọ́jọ́ Sunday. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mò ń bá Tómi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, so bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Bí òórùn yẹn ṣe wọlé, ni mo bá ń ròyìn odò Okavango tó ń kún nínú ẹ̀ẹ̀rùn fún un. Ìgbà tí ìsìn parí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹkún ni Tómi bá jáde ní kíláàsì ọmọdé. Ó ní òun ròyìn odò yẹn fún wọn, àǹtí tó ń kọ́ wọn wá sọ pé odò kì í kún láìsí òjò, kóun yéé purọ́ nílé Ọlọ́run.

Irọ́ kẹ̀? Èmi tí mo gbébẹ̀ dàgbà!

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Houston. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Maun, ní Botswana. Ẹ̀ka odò Okavango kan gba ẹ̀yìn ilé wa, ṣùgbọ́n tó bá ti gbẹ táútáú, inú ẹ̀ la ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ni ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bá lọ gbin ilá síbẹ̀. Ilẹ̀ ọlọ́ràá, ṣé kó ṣòfò ni? Ìyá Neo, aládùúgbò wa, ní omi ń bọ̀. Ìyá mi wojú ọ̀run, ó rẹ́rìn-ín. “Omi wo? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí?”

Kò mọ̀ pé òkè Àǹgólà ni òjò yẹn ti rọ̀ tipẹ́. Ó ń rìn bọ̀ nínú koríko, nínú yanrìn, kò kánjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan a rí i, tín-ín-rín, ó ń yọ́ bọ̀ bí ahọ́n, ó ń ti ewé gbígbẹ àti kòkòrò síwájú, àwọn ẹyẹ funfun ń ṣa kòkòrò jẹ. Gbogbo àdúgbò ń jó. Ìyá mi nìkan ló ń sáré ká ilá, ó ń pariwo, “Ẹ dúró ná! Ẹ jẹ́ n ká èyí!” Omi ló ń bẹ̀ o, tó tún ń pè é ní “ẹ”! Kò pẹ́, òṣíbàtà yọ, erin ń wá mumi lódìkejì, erinmi sì jẹ ìwọ̀nba ilá tó kù létí omi.

Látìgbà yẹn, bí omi bá ti dé, ìyá mi á kúnlẹ̀: “Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ìrìn.” Bàbá mi á ní, “Omi lò ń kí?” Á ní, “Ẹni tó rin irú ìrìn yẹn, ẹ ò ní kí i?”

Mo fa Tómi lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ àǹtí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mo là á mọ́lẹ̀: “Àǹtí, ọmọ yìí ò purọ́. Ilá ìyá mi lomi yẹn kó lọ.”

“Láìsí òjò?”

“Òjò wà, mà. Ibòmíì ló ti rọ̀.”

Tómi yọrí lẹ́yìn mi. “Tẹ́ ò bá gbà, ẹ lọ gbin ilá síbẹ̀!”

Mo ní kó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ìyá mi ò sí mọ́. Maun ti jìnnà. Omi Houston ńkọ́? Kì í rìn wá jẹ́jẹ́, ó ń já wọlé bí olè ni. Ṣùgbọ́n omi ìyá mi ṣì ń bọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ dìrọ́ níṣojú mi.

Nígbà tá a dé orí afárá odò ẹ̀yìn apartment wa lọ́nà ilé, Tómi ṣí fèrèsé ọkọ̀, ó yọ ẹnu síta pẹ̀lú ohùn Àmẹ́ríkà ẹ̀: “Ẹ kú àbọ̀ o!”