Yẹtí Ọmọ Ìyá Onílé

Èmi o, tí mo bá dé ìlú àjèjì, kì í ṣe ọ̀nà ọjà ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ibi tí wọ́n bá pàtẹ ohun ọ̀ṣọ́ sí ni mo máa ń wá kiri, níbi tí ẹni tó ṣe é á ti dúró ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Tíṣà ni mí n'Íbàdàn nígbà náà, ìrìn àjò ni mo sì máa ń fi họ́lídè mi ṣe. Àwọn ará ilé wa ní ojúkòkòrò ló ń ṣe mí. Kò burú, ojú mi ni, kì í ṣe tiwọn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, mo wọ rélùwéè lọ kí àbúrò ìyá mi ní Sabon Gari, ní Kánò. Yorùbá ni ìyá onílé wọn, opó òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Kánò náà ni wọ́n sì bí i sí. Bó o bá sọ Yorùbá sí i, á gbọ́, ṣùgbọ́n Hausa tàbí Pidgin ló máa fi dá ọ lóhùn. Ó ti yunifásítì jáde, ó wá ń fi wáyà bàbà àti ìdérí ìkòkò tó rà ní ọjà Singer ṣe yẹtí tí ojú ò rí rí. Ìpàtẹ ẹ̀ àkọ́kọ́ ti kù dẹ̀dẹ̀, ní gbọ̀ngàn kan lójú Zoo Road.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìyá ẹ̀ ti wọ ìjọ kan tó ní ti èṣù ni ohun ọ̀ṣọ́. Wọ́n ti kó gbogbo góòlù wọn fún pásítọ̀, wọn ò sì yọjú wo iṣẹ́ ọmọ náà rí.

"Anti, abeg," ló wí fún mi, "help me beg Mama make she come."

Mo lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. "Màmá, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíì."

"Má fòwe gbá mi létí. Ohun tí mo ti fi sílẹ̀ nítorí Jésù, n ò ní padà lọ wò ó."

Inú bí mi. "Ṣé Jésù ló ní kẹ́ ẹ má wo ojú ọmọ yín ni?"

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Àbúrò ìyá mi fà mí láṣọ pé ẹnu mi ti pọ̀ jù. Ó pọ̀ lóòótọ́, àánú ọmọ yẹn ló ń ṣe mí.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, èrò wá, títí kan àwọn oníṣòwò láti Fagge. Ọmọ náà bọ́ síwájú, ó ń rọ́ òyìnbó. Òyìnbó gbàǹgbà gbàǹgbà! Oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ni Alhaji kan bá bi í pé ta ló kọ́kọ́ fi yẹtí sí i létí. Ó ní ìyá òun ni. Nígbà tóun wà lọ́mọ ọwọ́, wọ́n lu etí òun, wọ́n sì fi ègé ìgbálẹ̀ há ihò náà kó má baà dí kí wọ́n tó rí yẹtí rà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ síwájú, ẹkún ò jẹ́.

Mo gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn. Ìyá onílé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, gèlè funfun bo etí wọn méjèèjì.

"Mama, kin zo?" lọmọ náà fi Hausa kígbe, kò gbà gbọ́ pé wọ́n wá. Ó sáré mú yẹtí bàbà kékeré kan, ó nà án sí wọn. Ó wá rántí ọ̀rọ̀ ìjọ wọn, ó fa ọwọ́ padà.

Ìyá tú gèlè. Yéè! Ègé ìgbálẹ̀ ló wà nínú ihò etí wọn, ọ̀tún àti òsì.

"Pásítọ̀ ní n má fi yẹtí sí i," ni wọ́n wí. "Wọn ò ní kí n jẹ́ kó dí."

Wọ́n gba yẹtí náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá dì í mọ́ etí ìró wọn. "Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ìwọ ni kó o fi sí mi létí. Pásítọ̀ ò ní bá mi débẹ̀."

Ọmọ náà dì mọ́ wọn, ó bú sẹ́kún. "Ẹ ò ní kú, Màámi," ló wí. Yorùbá àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn.